Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Ṣèrànlọ́wọ́? Bí Dìgírì Human Services Ṣe Dáyé

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Houston, ní Maryland tàbí ní Chicago, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan pé òun tún ti padà sílé ìwé, pé human services lòun ń kọ́. Bí ẹ bá wá béèrè pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ gan-an, àlàyé á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbéregbère: "Ó fẹ́ jọ social work, àmọ́ kì í ṣe social work. Ó tún fẹ́ jọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì díẹ̀, àmọ́ a kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́." Bàbá tó wà nílé ní Ìbàdàn á ní ó dáa, kí Ọlọ́run fi àṣeyọrí sí i. Tí wọ́n bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, wọ́n á wá yíjú sí ìyá: "Kí ló ní òun ń kọ́?"

Ẹ̀bi bàbá kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wẹ́fíà ni orúkọ tí a mọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ wa sì mọ wẹ́fíà mọ́ kò ju ibi tí ìyàwó ti ń fẹjọ́ ọkọ tí kì í gbọ́ bùkátà sùn. Human services gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bá àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ gbé inú ilé kan náà wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń wá yàrá fún ẹlẹ́wọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹni tó ń mú ọmọ tí kò ní alábòójútó lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, ẹni tó ń jókòó ti ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró. Ká kúkú sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró láàárín èèyàn tí wàhálà bá àti ọ́fíìsì tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́, iṣẹ́ human services ló ń ṣe.

Ìbéèrè wá ni pé, ṣebí social work ti wà tipẹ́? Kí ló dé tí Amẹ́ríkà tún fi dá dìgírì mìíràn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ìjà ló wà nídìí rẹ̀, ìjà lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó oṣù torí pé ó ran ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1889, Jane Addams àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ellen Gates Starr kó lọ sí ilé ńlá kan ní òpópónà Halsted ní Chicago, láàárín àwọn àjèjì tó ti Yúróòpù wá ṣiṣẹ́. Hull House ni wọ́n ń pe ilé náà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ìwé-ẹ̀rí wo lẹ ní. Wọ́n kàn ń gbé àárín àwọn èèyàn ni, wọ́n ń bá wọn tọ́jú ọmọ, wọ́n ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bá ìjọba fà á lórí pàǹtírí tí kò sẹ́ni tó ń kó. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ní 1898, ẹgbẹ́ aláàánú kan ní New York tó ń jẹ́ Charity Organization Society ṣètò ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà nígbà ooru fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló dàgbà di ilé-ẹ̀kọ́ social work ti Yunifásítì Columbia.

Lẹ́yìn náà ni Abraham Flexner dé. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó jẹ́ dókítà, ó ṣeé ṣe kó mọ orúkọ yìí. Ìwé tí Flexner kọ ní 1910 wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn; nínú méje tó ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, méjì péré ló ṣẹ́kù, Howard àti Meharry. Ní 1915 wọ́n pè é wá sí ìpàdé àpapọ̀ àwọn aláàánú ní Baltimore, kó wá sọ bóyá social work ti di iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bíi ti dókítà àti lọ́yà. Ó ní kò tíì dà bẹ́ẹ̀. Lójú tiẹ̀, alárinà ni àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí: wọ́n ń mú ẹni tó níṣòro lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, wọn kò ní ìmọ̀ kan pàtó tó jẹ́ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ká wọn lára gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wá bí wọ́n á ṣe já a nírọ́. Ní 1917 Mary Richmond gbé ìwé ńlá kan jáde, Social Diagnosis, tó ṣàlàyé bí òṣìṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀ràn ẹni tó wá bá a, bí dókítà ṣe ń wádìí àìsàn. (Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Richmond fúnra rẹ̀ kò lọ yunifásítì rí. Ẹ̀kọ́ girama ló kà mọ. Smith College ló padà fún un ní dìgírì ọlá ní 1921.) Nígbà tí àwọn ọdún 1930 yóò fi parí, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun sí ilé-ẹ̀kọ́ social work gbọ́dọ̀ máa kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún méjì lórí dìgírì àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ní dìgírì kan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó máa wòran. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù tiẹ̀ ní láti dá tiwọn sílẹ̀ ní Atlanta ní 1920, torí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò gbà wọ́n wọlé.

Bí wọ́n ṣe yanjú wàhálà tí Flexner dá sílẹ̀ nìyẹn. Wàhálà mìíràn ló wá ń rú jáde láti ẹ̀yìn.

Ní 1955, àwọn èèyàn tó wà nínú ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní ní Amẹ́ríkà lé ní 550,000. Ẹ fojú inú wo ìlú odindi kan tí wọ́n ti mọ́lé. Àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, ẹni tó mú wọn wá ti kú, kò sẹ́ni tó rántí ohun tó gbé wọn débẹ̀ mọ́. Ní 1959, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ George Albee ṣe ìṣirò fún ìjọba lórí iye dókítà ọpọlọ, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ social work tó wà àti iye tí wọ́n máa nílò. Àbájáde rẹ̀ kò dùn gbọ́: bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyí, iye wọn kò lè tó láéláé. Ohun tó ń tọ́ka sí hàn kedere. Àfi kí ìlú náà wá irú òṣìṣẹ́ mìíràn.

Níbi tí a dé yìí, a fẹ́ yà díẹ̀ sí Abẹ́òkúta, torí pé ní ọdún márùn-ún kí Albee tó parí ìṣirò rẹ̀, ẹnìkan ti ń dán ìdáhùn rẹ̀ wò níbẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá darí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tuntun ní Arò. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, aláìsàn sì ti wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn. Aláìsàn á mú ẹbí kan dání, ìyá tàbí àbúrò tàbí ọmọ, ẹni yẹn á máa se oúnjẹ fún un. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà sí abúlé. Onílé ń gba owó ilé. Lambo tún ń bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kò lè ṣe lójú gbangba.

Ẹ ronú sí ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ná. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Arò, tí aláìsàn ń ra tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àràárọ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn, apá kan ìtọ́jú ni. Kò sì ní dìgírì. Ní 1961, Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wá bá Lambo, wọ́n jọ ṣèwádìí lórí àrùn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá ní àwọn abúlé agbègbè yẹn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Ní oṣù Kọkànlá 1961 yẹn kan náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ti àwọn dókítà ọpọlọ káàkiri Áfíríkà. A kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni Amẹ́ríkà ti rí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà o. Àwọn náà ní ìdí tiwọn. A kàn fẹ́ kí ẹni tó ń ka human services ní Houston mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ òun pé ará àdúgbò lè wo aláìsàn sàn, àwọn ìyá ìyá òun ti ṣe é rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1963, Ààrẹ Kennedy fọwọ́ sí òfin kan tó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ibùdó ìtọ́jú sí àárín ìlú, kí aláìsàn lè kúrò nínú àwọn ilé ńlá wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn án fúnra rẹ̀: àbúrò rẹ̀ obìnrin, Rosemary, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ní 1941 tí kò sì lè dá dúró mọ́ láti ìgbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ kan lẹ́yìn tó fọwọ́ sí i ni wọ́n yìnbọn pa á. Àwọn ibùdó tí wọ́n fọkàn sí tó 1,500. Nígbà tí ó di 1980, èyí tí owó ìjọba àpapọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Àwọn aláìsàn ní tiwọn ti jáde.

Ta ni yóò wá ṣiṣẹ́ nínú àwọn ibùdó náà? Ní 1964, Ààrẹ Johnson kéde ogun lórí òṣì, owó ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dé àwọn àdúgbò mẹ̀kúnnù. Ní 1965, Arthur Pearl àti Frank Riessman kọ ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ New Careers for the Poor. Ohun tí wọ́n ń sọ rọrùn, kò sì tíì sí ẹni tó sọ ọ́ tààrà bẹ́ẹ̀: ẹ yéé rán òyìnbó tó kàwé láti òkèèrè wá sí àdúgbò tálákà. Ẹ gba àwọn tálákà fúnra wọn síṣẹ́. Wọ́n mọ àdúgbò, wọ́n gbọ́ èdè, àwọn èèyàn fọkàn tán wọn. Ẹ kọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì ṣe àkàbà tí wọ́n á fi máa gòkè láti olùrànlọ́wọ́ dé ọ̀gá. Riessman tún kíyè sí nǹkan mìíràn: ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ náà ń rí ìwòsàn nínú ohun tó ń ṣe.

Yorùbá ní ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkàn tọ alábẹ lọ. Ohun tí Pearl àti Riessman ń wí ni pé kí wọ́n fi abẹ lé ẹni tí ẹ̀gún ti gún rí lọ́wọ́, kó máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ tiwọn.

Wọ́n dán an wò ní Yunifásítì Howard ní Washington, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Wọ́n dán an wò ní South Bronx, lábẹ́ ilé ìwòsàn Lincoln, níbi tí wọ́n ti sọ ṣọ́ọ̀bù etí títì di ọ́fíìsì: ẹnikẹ́ni lè ya wọlé, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ilé ló gbé e wá tàbí ọ̀rọ̀ ọkàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò, aláwọ̀ dúdú àti ará Puerto Rico. Iṣẹ́ náà dáa débi pé gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ àkàbà tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́? Ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ṣì jẹ́ olùrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹni tó wà lókè rẹ̀ ní dìgírì, òun kò ní. Ní oṣù Kẹta 1969, àwọn òṣìṣẹ́ náà gba ibùdó náà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ní àwọn àti ará àdúgbò ló yẹ kó máa darí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ Lincoln kọ́ àwọn èèyàn kò ṣòro. Iṣẹ́ láìsí ìwé-ẹ̀rí, ìyà ni ní Amẹ́ríkà. Ẹ lè yìn ọmọ àdúgbò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí kò bá ti ní bébà lọ́wọ́, ibi tí ẹ bá a lẹ máa fi í sí.

Obìnrin kan ti rí ìyẹn ṣáájú. Audrey Cohen ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Pittsburgh, tí wọ́n bí ní 1931. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí alábọ́ọ́dé fún àwọn ìyàwó ilé tó kàwé, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ torí ọmọ wẹ́wẹ́. Ìyẹn dáa, àmọ́ obìnrin tó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́. Ní 1964 ó yí padà sí àwọn obìnrin tí kò ní nǹkan kan, ó dá Women's Talent Corps sílẹ̀ ní New York. Àwọn ìyá láti Harlem, láti Bedford-Stuyvesant, láti South Bronx. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ wọn kò parí ẹ̀kọ́ girama. Owó ìjọba àpapọ̀ dé, kíláàsì àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1966.

Ibi tí Cohen ti gbọ́n jù lójú tiwa nìyí: kò kọ́kọ́ kọ́ wọn níṣẹ́ kó tó wá máa wá iṣẹ́ fún wọn. Ó lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ ná, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbèjà mẹ̀kúnnù, ó bá wọn dúnàádúrà títí wọ́n fi dá ipò tuntun sílẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀: olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, olùrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò, olùrànlọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò fẹ́ rí wọn sójú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìyá aláṣọ ìpìlẹ̀ kan fẹ́ wá gbapò àwọn. Àwọn ìyá náà dúró. Ọmọ tó ń sunkún ní kíláàsì, ọmọ ará ilé wọn ni. Wọ́n mọ ìdí tó fi ń sunkún kí olùkọ́ tó bi í.

Ọjọ́ díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń jókòó ní kíláàsì, ọjọ́ tó kù wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi. Àwọn ọkùnrin náà darapọ̀ láìpẹ́, orúkọ yí padà sí College for Human Services, ìpínlẹ̀ New York sì fún un ní àṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní 1970, kó lè máa fúnni ní dìgírì ọlọ́dún méjì. Cohen kò dúró síbẹ̀, torí pé òun náà rí i pé dìgírì ọlọ́dún méjì á kàn tún sọ àwọn èèyàn yìí di olùrànlọ́wọ́ tó ní ìwé ni. Ó fẹ́ dìgírì àkọ́kọ́ tó pé.

Báwo ló ṣe ṣètò rẹ̀? Ní 1974 ó gbé ètò kan kalẹ̀ tó da gbogbo kọ́ọ̀sì tí a mọ̀ rú. Kò sí Sosiọ́lọ́jì 101, kò sí Sàíkọ́lọ́jì 102. Sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe lẹ́nu iṣẹ́: bí a ṣe ń bá ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ da ọ̀rẹ́ tó mọ́yán lórí, bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́, bí a ṣe ń kọ́ni, bí a ṣe ń gbani nímọ̀ràn, títí dé bí a ṣe ń yí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ padà. Àwọn ẹ̀kọ́ yòókù á wá yí ohun kan ṣoṣo yẹn ká láti apá márùn-ún: ète, ìwà àti ohun tí a kà sí pàtàkì, ara ẹni àti àwọn ẹlòmíì, bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ọgbọ́n ọwọ́. Ní ìparí sáà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ gidi kan hàn tó ti ṣe fún èèyàn gidi, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tó pète, ohun tó ṣe lójoojúmọ́, ibi tó ti kùnà, ohun tó yí padà. Constructive Action ni wọ́n ń pè é.

Àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, nígbà tí a rí èyí, ara wa yá gágá. Ohun tí a ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wa lójoojúmọ́ ló jọ: o kọ kóòdù díẹ̀, o ṣàkọsílẹ̀ ohun tí o yí padà àti ìdí rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà, o tún un ṣe. Ní yunifásítì tí wọ́n ti kọ́ wa ní Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì, orí bébà la ti kọ kóòdù ìdánwò. Irú ètò tí obìnrin yìí ṣe fún àwọn ìyá Harlem ní 1974, a kò rí i.

Kò rọrùn láti gba àṣẹ fún un o. Àwọn tó ń yẹ yunifásítì wò fẹ́ rí kọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n lè ka kírẹ́díìtì. Gerald Grant àti David Riesman tó ṣèwádìí lórí yunifásítì Amẹ́ríkà yẹ ilé-ẹ̀kọ́ yìí wò nínú ìwé wọn, The Perpetual Dream, tó jáde ní 1978; wọ́n fi í sáàárín àwọn tó fẹ́ yí ohun tí yunifásítì wà fún padà pátápátá. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ọwọ́ wọn tẹ dìgírì àkọ́kọ́ nínú human services. Cohen kú ní 1996, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láti 2002 ó ń jẹ́ Metropolitan College of New York, ó sì ṣì wà.

Ọ̀nà ibẹ̀ nìkan kọ́ ni dìgírì yìí gbà wọlé ayé. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Purdue ní Indiana bẹ̀rẹ̀ dìgírì ọlọ́dún méjì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké sì tẹ̀ lé e. Àjọ ẹ̀kọ́ àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, SREB, tó fi Atlanta ṣe ibùjókòó, kó àwọn ojúṣe òṣìṣẹ́ yìí jọ sí mẹ́tàlá: alárinà wà níbẹ̀, agbẹnusọ, olùkọ́, ẹni tó ń jáde lọ wá aláìsàn nílé, alábòójútó, àti ẹni tó ń bójú tó dátà. Bẹ́ẹ̀ ni, dátà, nígbà tí a kò tíì bí ẹnìkankan nínú wa. Ẹ tún kíyè sí alárinà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí Flexner fi dójú ti àwọn òṣìṣẹ́ ní 1915, òun náà ni wọ́n wá kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun iyì.

Ní ti àwọn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ní New York, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló gbà wọ́n. Velma Murphy Hill kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, UFT, wọ́n dìbò ní 1969, àdéhùn wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 1970. Owó oṣù wọn ju ìlọ́po méjì lọ, wọ́n sì gba ohun tí Lincoln kò rí gbà: ọ̀nà láti lọ yunifásítì ìlú náà láti ẹnu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà padà di olùkọ́ gidi.

Social work fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn díẹ̀ lákòókò yẹn. Láti 1974 ni àjọ tó ń yẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn wò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí dìgírì àkọ́kọ́ nínú social work. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn ará human services dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1975, wọ́n dá àjọ ayẹ̀wò tiwọn sílẹ̀ ní 1979. Títí dòní, àjọ náà fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gba dìgírì àkọ́kọ́ ṣe ó kéré tán wákàtí 350 lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó jáde. Àwọn ìlú méjèèjì yìí wá ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bíi Mòdákẹ́kẹ́ àti Ifẹ̀: èdè kan náà ni, ààlà ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin fún ẹni tó ka social work ní láísẹ́ǹsì, kò fún ẹni tó ka human services. Kí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ti mọ èyí kó tó san owó.

Ohun kan wà tó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n dá dìgírì náà sílẹ̀ kí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ má bàa di ẹni ẹ̀yìn torí bébà. Ní báyìí, iṣẹ́ tí ìyá Harlem bẹ̀rẹ̀ ní 1966 láìparí ẹ̀kọ́ girama, ìkéde tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa ṣe é sábà máa ń ní kí ó mú dìgírì àkọ́kọ́ wá. Àkàbà tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn èèyàn láti fi gòkè ti wá di ẹnu bodè tí wọ́n ti ń gba owó ibodè. Owó oṣù nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọ owó oṣù ẹni tó jẹ gbèsè ilé ìwé.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan àwọn ará wa. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó dé Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ báńkì nílé, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ya ọwọ́ wọn ni títọ́jú àgbàlagbà tàbí ẹni tó ní ìpèníjà nínú ilé àjùmọ̀gbé. Wọ́n ń ṣe é lóru, wọ́n ń wẹ èèyàn, wọ́n ń fún un lóògùn, wọ́n mọ ìgbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún human services, wọ́n sì tún ní kí wọ́n wá lọ ṣe wákàtí 350 níbi ìkọ́ṣẹ́, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó máa ń yẹ irú ìrírí bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n á kà á sí kírẹ́díìtì, wọ́n á sì gbà kí èèyàn lo ibi iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìkọ́ṣẹ́. Àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì lè tó ọdún kan àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n béèrè ìyẹn kí wọ́n tó béèrè iye owó ilé ìwé.